Ọdún ti dé ìdajì: ìwé wo lẹ kà tó dùn-ún kà sí ẹlòmíràn létí?

Olójú-Ewé

Ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àárín ọdún o.

Bí oṣù kẹfà bá ti ń parí lọ báyìí, mo máa ń kó gbogbo ìwé tí mo ti kà láti oṣù kìíní jọ sórí tábìlì, màá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì yọ èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù sọ́tọ̀. Tọdún 2025 yìí kò pọ̀. Mẹ́jọ ni mo parí, èmi tí mo máa ń ka ogún kí ọdún tó dá sí méjì. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tí mo fojú lásán kà nínú mẹ́jọ náà. Ẹnu ni mo fi ka gbogbo wọn, sókè ketekete, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ojú bàbá mi ló ti ṣú. Àìsàn náà kì í dunni, díẹ̀díẹ̀ ló ń ta aṣọ bo ojú èèyàn láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, kí wọ́n tó mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí ọdún tó kọjá fi máa parí, lẹ́tà inú ìwé ti di eruku lójú wọn. Ẹni tí kì í sùn láì tíì kàwé! Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bá wọn níbi tí wọ́n ṣí ìwé lé itan, tí wọ́n ń fi ìka ra ojú-ewé bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Mo fa àga mọ́ wọn, mo gba ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Látìgbà náà, alaalẹ́ ni.

Mo wá rí i pé ìwé tó dùn lójú lè máà dùn létí. Ọ̀kan wà tí mi ò kà mọ́ mẹ́jọ yìí, gbogbo ayé ló ń yìn ín, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo dá a kà. Ìgbà tí mo gbé e sẹ́nu, gbólóhùn rẹ̀ kò ní ibi tí èèyàn ti lè mí. Ojú-ewé ogójì la ti pa á dé.

Èyí tó gba ipò kìíní lọ́kàn mi ni *Igbó Olódùmarè* tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde lọ́dún 1949. Mo mọ̀ pé ìwé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ọdún yìí ló tó di tuntun fún mi. Nílé ìwé, torí ìdánwò la ṣe kà á, ọjọ́ tí ìdánwò parí ni mo gbàgbé rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo dé ibi tí Olówó-Ayé ti pàdé Èṣù-kékeré-òde lọ́nà, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ na ara wọn kí ìjà tó dé ọwọ́, mo sì rí i pé kíkà jẹ́jẹ́ kò gbà á. Àfi kí n gbé ohùn sókè, kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gun ọ̀rọ̀. Bàbá mi ń fi ìka lu apá àga ní tiwọn.

Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa ti gbó. Àkọtọ́ àtijọ́ ni, èyí tó wà kí ìjọba tó fọwọ́ sí tòde-òní lọ́dún 1974: *aiye*, *enia*, *ọkọnrin*, àmì ohùn kò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń fojú kà lè fo ọ̀rọ̀ tó bá rú u lójú. Ẹni tó ń fẹnu kà kò ríbi fò sí, dandan ni kó mú ohùn kan. Mo ka “o ro” sí “ó ró” lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi dá mi dúró lójú ẹsẹ̀: “Ó rò ni. Ọkùnrin yẹn ń ronú, kò dún.”

Ẹ̀dà náà ti jábọ́ pẹ̀lú. Láti ojú-ewé 65 dé 80 kò sí níbẹ̀, odindi ìdì kan, ojú-ewé mẹ́rìndínlógún. Òwú tí wọ́n fi rán an ti já, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó bọ́. Mo dé ìparí 64, mo dákẹ́. Wọ́n ní kí ló dé? Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, “Pa á dé ná, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀.” Wọ́n sì sọ ọ́ láti orí, ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú, wọn ò wá ọ̀rọ̀ tì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí n máa ka 81 lọ.

Èkejì ni *Human Acts* ti Han Kang, obìnrin ará Gúúsù Kòríà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2024. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀dà tèmi, mo sì ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Kì í ṣe pé bàbá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Wọ́n ní inú Yorùbá ni etí àwọn ti ń sinmi. Ohun tí àwọn ọmọ ogun ṣe fún àwọn ará Gwangju ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni ìwé náà dá lé. Orí àkọ́kọ́ ń bá ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tààrà, ọmọ iléèwé tó ń bá wọn tọ́jú òkú àwọn tí wọ́n pa. Ìwọ ṣe báyìí, ìwọ rí tibí, ìwọ gbọ́ tọ̀hún. Gẹ̀ẹ́sì kò ya àgbà sọ́tọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ gbé e sí Yorùbá, “ìwọ” há mi lọ́fun. Bàbá mi ló jókòó síwájú mi, mi ò sì pè wọ́n ní ìwọ rí láyé mi. Mo yí i sí “ẹ̀yin”. Mi ò tíì ka gbólóhùn mẹ́ta tí wọ́n fi ní kí n dúró. “Ṣé ọmọdé kọ́ lẹni tó ń bá wí ni? Pè é ní ìwọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi.” Báyẹn ni mo ṣe ka orí náà tán, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ìbéèrè mi rèé. Láti oṣù kìíní, ìwé wo lẹ kà tí ẹ rò pé ó yẹ kí n kà fún bàbá mi lóṣù mẹ́fà tó kù? Ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ àtijọ́, ìbáà jẹ́ Yorùbá tàbí èdè míì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ ìwé sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ sọ ibi tó mú yín nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tún lè ka ojú-ewé kan sókè kẹ́ ẹ fi gbọ́ bó ṣe ń dún, ìyẹn gan-an ni mo ń wá.

Òǹkàwé-Òru

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

*Orbital* ni tèmi. Samantha Harvey ló kọ ọ́, òun ló gba ẹ̀bùn Booker ọdún 2024. Èèyàn mẹ́fà ló ń gbé inú ilé tó ń yí ayé po lókè òfúrufú, wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ni ìwé náà sì fi bá wọn gbé. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni oòrùn ń yọ lójú wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ló ń wọ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí olè, kò sẹ́ni tó ń lé ẹnì kan. Mo sọ ọ́ báyìí kẹ́ ẹ tó rà á, torí ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tó ń sáré kò ní rí i.

Ibi tó mú mi ni ti Chie, obìnrin ará Japan tó wà lára wọn. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lókè. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ wá sin ín. Ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kú sí ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rí i, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ẹnu iṣẹ́ òru ni mo wà nígbà tí mo ka ibẹ̀. Mo dìde lórí àga, mo lọ dúró ti fèrèsé fúngbà díẹ̀ kí n tó lè padà jókòó.

Lẹ́yìn tí mo rí ìbéèrè yín, mo ka ojú-ewé méjì sókè nínú iyàrá. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ibi àtimí wà níbẹ̀ dáadáa, ńṣe ló dà bí ẹni ń rọ ọmọ sùn. Yípo-yípo ló pín ìwé náà sí, bí wọ́n ṣe ń yí ayé po. Ẹ ka yípo kan lálẹ́ kan, kẹ́ ẹ má kọjá ibẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, oorun ló ń gbé wá. Ìwé náà kò tó igba ojú-ewé.

Gègé-Mi

Ìwé mẹ́ta ni mo ń kà pọ̀ nígbà tí Ngũgĩ wa Thiong’o, òǹkọ̀wé ará Kẹ́ńyà, kú ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún. Mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì, mo lọ mú *Devil on the Cross* wálẹ̀. *Caitaani Mũtharaba-inĩ* lorúkọ rẹ̀ ní èdè Gĩkũyũ tó fi kọ́kọ́ kọ ọ́. Inú ẹ̀wọ̀n Kamĩtĩ ní Kẹ́ńyà ló wà lọ́dún 1978, wọ́n jù ú síbẹ̀ láìgbẹ́jọ́, tíṣù ìnùdí tí wọ́n ń fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló sì fi ṣe ìwé ìkọ̀wé. Ó jáde lọ́dún 1980, òun fúnra rẹ̀ ló tún tú u sí Gẹ̀ẹ́sì.

Olójú-Ewé, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ mú un rèé. Ngũgĩ sọ nínú *Decolonising the Mind*, ìwé rẹ̀ tọdún 1986, pé nígbà tí ìwé yìí dé ọwọ́ àwọn èèyàn, kì í ṣe pé oníkálukú gbé e lọ sí kọ̀rọ̀. Ìdílé á péjọ lálẹ́, ẹni tó mọ̀wé láàárín wọn á máa kà á sí àwọn tó kù létí. Wọ́n ń kà á nílé ọtí pẹ̀lú. Ẹni tó ń kà á á dé ibi tó dùn jù, á gbé ìwé sílẹ̀, wọ́n á ní máa kà lọ, á ní ife òun ti gbẹ. Ni wọ́n á bá ra òmíràn fún un. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àga tí ẹ fà mọ́ bàbá, ibi tí ọkàn mi lọ tààrà nìyẹn. Irú ìjókòó yẹn ni ìwé náà ti rí àwọn èèyàn rẹ̀.

Àtijọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, ìdíje tí àwọn olè inú ìwé náà ń ṣe nínú ihò kan gùn lójú mi, mo ń fo ojú-ewé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ka ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wọn sókè. Olè náà bọ́ síwájú, ó ń ka ìwà olè rẹ̀ fún gbogbo ayé bí ẹni ń ka oríkì, inú ẹ̀ ń dùn. Ara mi bù máṣọ. Mi ò gbọ́ ìgbéraga ohùn yẹn rárá nígbà tí mo ń fojú kà á. Kí ẹ fún olè kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún gùn.

Etí-Inú

Mo fẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ má tú gbogbo ọ̀rọ̀.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù lọ́dún yìí ni *Heart Lamp*, ìtàn kéékèèké méjìlá tí Banu Mushtaq kọ ní èdè Kannada láti ọdún 1990 sí 2023. Amòfin ni obìnrin náà ní Íńdíà, ìgbésí ayé àwọn obìnrin Mùsùlùmí àdúgbò rẹ̀ ló sì ń kọ. Deepa Bhasthi ló tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì ló jọ gba ẹ̀bùn International Booker nínú oṣù karùn-ún tó kọjá yìí, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí àkójọ ìtàn kéékèèké máa gbà á. Ògbufọ̀ náà fi àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, Kannada, Urdu, Lárúbáwá, kò fi lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀ wọ́n, kò kọ àlàyé sábẹ́ ojú-ewé. Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó di ìtàn kẹta, mo ti ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn bí ìgbà tí aládùúgbò ń pe ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri: mi ò mọ orúkọ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ ló ń pè.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń tú ìwé sí Yorùbá fún bàbá, tí ẹ dé ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹnìkejì, ẹ pè é bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín.

Alábàápàdé

*James* ti Percival Everett. Òun ló gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún yìí. Ẹrú kan tí wọ́n ń pè ní Jim ló ń sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á mọ́ gaara bíi ti ọ̀mọ̀wé. Bí òyìnbó bá ti wọlé, á yí ohùn padà, á máa sọ̀rọ̀ wọ́gọwọ̀gọ, torí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyípadà yẹn. Ó níbi kan tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ kí àṣírí má bàa tú. Mo ka ibẹ̀ sókè fún ọmọ mi, ó ní kí n tún un kà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí ẹ ṣe máa fi Yorùbá ṣe ohùn méjèèjì o.

Ìdì-Ìwé

Ẹ ka *Àjà Ló Lẹrù* fún wọn, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Lápàdé àti Tàfá Ìgírípá. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bàbá ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ìgbà kẹrin rèé tí mo ń kà á, mo mọ ẹni tó ṣe é, síbẹ̀ mò ń sáré lọ síwájú.

Ọ̀rọ̀ kejì: mo ní *Igbó Olódùmarè* tó pé. Ẹ̀dà wa lè máà jẹ́ ọ̀kan náà, torí náà ẹ kọ gbólóhùn tó parí ojú-ewé 64 yín ránṣẹ́, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ 81. Bí mo bá rí ibi tí wọ́n wà nínú tèmi, màá ya fọ́tò gbogbo ohun tó wà láàárín wọn fún yín.

Olójú-Ewé

Ọjọ́ mọ́kànlá ti kọjá, ó yẹ kí n wá jábọ̀. Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín.

*Orbital* la kọ́kọ́ mú. Òǹkàwé-Òru, òótọ́ lẹ sọ nípa oorun, alẹ́ kejì ni bàbá mi sùn lọ sórí àga. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta wọ́n bi mí bóyá irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lókè lóòótọ́, àbí ìtàn lásán ni. Mo ní ó wà, mo ní láti oṣù kọkànlá ọdún 2000 kò tíì sí ọjọ́ kan tí èèyàn ò sí nínú rẹ̀. Wọ́n gbójú sókè sí àjà ilé, wọ́n sì mú un síbẹ̀ fúngbà pípẹ́. Ní ti Chie, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ní kí n tún ibẹ̀ kà lọ́jọ́ kejì.

Etí-Inú, mo ti dán ìmọ̀ràn yín wò, wọ́n sì ń bi mí lóòótọ́. Mi ò tíì gbà pẹ̀lú yín tán, ṣùgbọ́n mo ti dín títú kù. Alábàápàdé, ọ̀rọ̀ ohùn méjì yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo ń rò ó.

Ìdì-Ìwé, fọ́tò mẹ́rìndínlógún pé. Ìparí 64 tiyín àti tiwa ṣe wẹ́kú. Mo tọ́jú wọn sínú fóònù fún ọjọ́ méjì láì sọ fún bàbá mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti ka fọ́tò náà ní kọ̀rọ̀, mo sì rí i pé ibi tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ fún mi ló bá ìwé mu, ibòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà níparí tí wọ́n sọ, tí kò sí nínú ìwé rárá. Mo rò pé bí mo bá kà á fún wọn, wọ́n á gbọ́ pé orí àwọn ti ń ṣì wọ́n lọ́nà, bí ojú ṣe ṣe.

Mo sọ fún wọn nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á dé òpin, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ìyẹn tí o ò rí níbẹ̀ yẹn, bàbá mi ló ní kí n máa fi kún un.”

Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Bàbá tó bí wọn kò mọ̀wé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi nígbà tí wọ́n ń ka *Igbó Olódùmarè* fún wọn lálẹ́, bàbá yẹn á sì gbọ́ títí dé ibẹ̀, wọ́n á ní kò lè parí báyẹn, wọ́n á ní, “Fi eléyìí kún un.” Bí bàbá mi bá tún ti kà á débẹ̀, wọ́n á fi kún un. Ó pẹ́ títí wọn ò fi rántí mọ́ pé inú ìwé kọ́ ni.

Mo ní kí wọ́n dúró, mo lọ mú bíírò àti ìwé. Wọ́n ń sọ, mò ń kọ, bí Àkàrà-Ògùn ṣe ní kí òǹkọ̀wé máa kọ nínú *Ògbójú Ọdẹ*. Ojú-ewé méjì àti àbọ̀ ló jẹ́. Mo fi gbogbo àmì ohùn sí i, wọ́n sì ní kí n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan padà fún àwọn kí wọ́n tó gbà pé ó pé. Mo ti tẹ fọ́tò Ìdì-Ìwé jáde sórí bébà, mo kó o sáàárín 64 àti 81, mo sì ki ti bàbá bàbá mi bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ti wú díẹ̀, mo fi okùn dì í.

Lọ́la la máa bẹ̀rẹ̀ *Àjà Ló Lẹrù*. Mi ò kà á rí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ yọjú wo ojú-ewé ìkẹyìn.